Kí Ló Dé Tí Ẹ̀rọ Tó Ń Lọ Egungun Adìẹ Kò Fi Lè Borí Ẹ̀bà?

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà, ihò síǹkì ilé ìdáná kì í ṣe ihò lásán. Bí ẹ bá tẹ súwíìṣì kan lára ògiri, ihò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù, àjẹkù tó wà nínú rẹ̀ á rún wómúwómú, omi á sì gbé e lọ. Garbage disposal ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Houston, ní Maryland àti ní Chicago kì í pe orúkọ náà tán, "disposal" ni wọ́n ń sọ. Nínú orí yìí, ẹ̀rọ ìlọ-àjẹkù ni a ó máa pè é.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn èèyàn wa máa ń bi pùlọ́ḿbà tó bá wá tún un ṣe. Ẹ̀rọ tí a da egungun adìẹ sí, tó lọ̀ ọ́ kúnná, báwo ló ṣe jẹ́ pé ẹ̀bà ló wá dá a dúró? Ẹ̀bà tí kò ní egungun, tí ọmọdé tí kò tíì hu eyín ń gbé mì! Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Bí a bá tẹ̀lé egungun kan àti òkèlè kan láti ẹnu síǹkì títí wọ́n fi dé inú páìpù, ìdáhùn rẹ̀ á hàn, ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀rọ náà á sì yé wa, a ò ní máa há a sórí lásán.

Inú ihò náà

Ẹ pa súwíìṣì, ẹ lọ sídìí bírékà kí ẹ pa ìyẹn náà, kí ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò síǹkì. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí ni rọ́bà dúdú tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í jẹ́ kí omi àti ẹ̀rún oúnjẹ ta padà sókè. Ẹ fi ìdí ṣíbí onígi tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nísàlẹ̀ pátápátá ni àwo irin pẹlẹbẹ kan wà. Irin kúkúrú méjì dúró lórí rẹ̀, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kan, èkejì ní òdìkejì. Bí ẹ bá fi igi tì wọ́n, wọ́n á fì lọ, wọ́n á fì bọ̀, nítorí pé ìṣó kan ṣoṣo ló de ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́ àwo. Ẹ wò ó yí ká dáadáa. Kò sí abẹ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti lo ẹ̀rọ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣì gbà pé ọ̀bẹ ló ń yí nínú rẹ̀, ìgbàgbọ́ yìí ló sì bí àwọn àṣìṣe kan tí a ó dé orí wọn láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á sọ wọ́n lórúkọ. Àwo yẹn ni àwo ayípo. Irin méjì yẹn ni òòlù afì. Lábẹ́ wọn ni ẹ́ńjìnì oníná wà, tí rọ́bà ìdíwọ́-omi kan sì là wọ́n láàárín kí omi má baà kan wáyà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnì yìí máa ń yí nǹkan bí ìgbà 1,725 ní ìṣẹ́jú kan; àwọn tó fúyẹ́, tó ń lo irin òòfà, a máa yí ju ìgbà 2,500 lọ.

Ẹ wá wo egungun itan adìẹ kan tó jábọ́ sórí àwo náà. Àwo fẹ́ gbé e yí po. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá ti ń lọ, ọ̀nà tààrà ló máa ń fẹ́ gbà, àfi bí nǹkan bá ṣẹ́rí rẹ̀ padà. Kò sí ohun tó di egungun náà mú láàárín, nítorí náà á sún, á sún, títí á fi fara ti ògiri. Ìtìsẹ́gbẹ̀ẹ́ ni n ó pe èyí. Agbára rẹ̀ kì í ṣe kékeré: ohun tó bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 6 sí àárín àwo, tó sì ń bá àwo yí déédéé, yóò máa fi agbára tó ju ìlọ́po 100 ìwúwo ara rẹ̀ lọ ti ògiri. Òòlù méjèèjì náà bọ́ sábẹ́ òfin yìí. Bí àwo bá ti yí, wọ́n á nà jáde sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n á máa gbá egungun náà, wọ́n á sì máa há a mọ́ ògiri.

Ara ògiri yẹn ni iṣẹ́ gidi wà. Òrùka irin ni, tí wọ́n gé eyín sí lára yí ká. Òun kì í yí rárá. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń rin ẹ̀gẹ́ lórí páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu, ó ti mọ ohun tí òrùka eléyín yìí ń ṣe. Páànù dúró sójú kan, ọwọ́ ló ń ti ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn, etí ihò ló ń ha á. Nínú ẹ̀rọ yìí, àwo àti òòlù ni ọwọ́, òrùka ni páànù. Èyí tó bá ti kéré tó á gba àlàfo tó wà láàárín àwo àti òrùka bọ́ sísàlẹ̀, omi á sì gbé e gba ọ̀nà páìpù. Èyí tí kò tíì kéré tó á tún padà sábẹ́ òòlù.

John W. Hammes, ayàwòrán-ilé kan ní ìlú Racine ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ló ṣe irú ẹ̀rọ yìí ní 1927. Ó gba ìwé àṣẹ oníṣẹ́-ọgbọ́n lórí rẹ̀ ní 1935, ó sì dá ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ InSinkErator sílẹ̀ ní 1938. Láti ìgbà náà, wọ́n ti dín ariwo rẹ̀ kù, wọ́n sì ti fi irin tí kì í dípẹtà kún un, ṣùgbọ́n àwo, òòlù àti òrùka ṣì ni ẹran ara rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun kan nínú gbogbo èyí, nítorí òun ni orí yìí dá lé. Ẹ̀rọ yìí kì í jẹ oúnjẹ, kì í sì í mú un pòórá. Ó kàn ń sọ ọ́ di wẹ́wẹ́ ni. Omi ló ń gbé e, páìpù ló ń pinnu bóyá yóò lọ. Ẹni tó bá dúró ti síǹkì pẹ̀lú àwo àjẹkù lọ́wọ́, kó bi ara rẹ̀ pé: kí ni èyí máa dà bó bá dé inú páìpù?

Egungun lọ, fọ́nrán kò lọ

Egungun adìẹ le, ṣùgbọ́n ó ń kán. Bí òòlù bá gbá a mọ́ òrùka, á là sí méjì, méjì á di mẹ́rin, títí á fi dà bí iyanrìn. Kì í fa omi mu, kì í lẹ̀ mọ́ nǹkan, nítorí náà omi tó pọ̀ díẹ̀ á gbé e kọjá. Ó tilẹ̀ ń ṣe ẹ̀rọ lóore, nítorí bó ṣe ń ta kiri ló ń ha ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ ara ògiri kúrò. Nítorí èyí ni àwọn tó ń ṣe é fi gbà pé kí á da egungun wẹ́wẹ́ sí i.

Egungun màlúù yàtọ̀. Egungun bọ̀kọ́tọ̀ kì í fọ́ lábẹ́ òòlù afì. Á kàn máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n nínú ihò náà, òòlù á máa gbá a, á sì máa fì padà. Ìdí tí wọ́n fi jẹ́ kí òòlù máa fì nìyẹn: bí wọ́n bá kan ohun tó le jù, wọ́n á yẹra, kí ọ̀pá ẹ́ńjìnì má baà ṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fi í gbá ohun líle lójoojúmọ́, ìṣó rẹ̀ á jẹ, béárínnì á tú. Ìkarahun ìgbín, èèpo àgbọn àti kóró máńgòrò wà nínú ẹgbẹ́ kan náà. Ẹ kó wọn dà sí dọ́sítíbìnì.

Àwọn ohun tó ní fọ́nrán ló kàn. Fọ́nrán ni okùn tín-ín-rín tó gùn láti ìdí ewé dé orí rẹ̀, tó ń jẹ́ kí igi ẹ̀fọ́ lè dúró. Igi ewédú ní i, igi úgù ní i, háríhá àti irun àgbàdo ní i, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní i, ìrèké sì kún fún un. Nítorí pé kò sí abẹ nínú ẹ̀rọ yìí, kò sí ohun tó máa gé okùn. Òrùka ń ha ni, okùn tó bá sì dùbúlẹ̀ gbọọrọ sára òrùka kò ní ibi tí eyín máa ti mú un. Á yọ́ kúrò, á wé mọ́ òòlù, á sì so ó pa kó má lè fì mọ́. Èyí tó bá sì kọjá á lọ hun ara rẹ̀ mọ́ra nínú páìpù, á di asẹ́ tó ń gba ẹ̀rún yòókù dúró. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lára àlùbọ́sà náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ihò, òrùka kì í rí i ha.

Àwọn kan ní kí á gé igi ẹ̀fọ́ kéékèèké kí á tó dà á sí i. Òótọ́ ni pé okùn kúkúrú kì í wé nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó ti igi ewédú tó ń fi ọ̀bẹ gé e wẹ́wẹ́ ti ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ náà fún un. Kó kúkú dà á nù.

Òkèlè kan nínú páìpù

A wá dé orí ẹ̀bà.

Sítáàṣì ni ohun tó pọ̀ jù nínú ẹ̀gẹ́, iṣu, ìrẹsì àti ànàmọ́. Inú ohun ọ̀gbìn ni ó ti ń wà ní hóró kéékèèké, tí ojú lásán kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú omi tútù, àwọn hóró yìí kì í ṣe nǹkan kan. Wọ́n á rọ̀ sísàlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí omi bá gbóná kọjá nǹkan bí 60 digíríì lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdè inú wọn á tú, omi á wọlé, wọ́n á wú, wọ́n á bẹ́, okùn sítáàṣì inú wọn á tú jáde, á sì di omi yòókù mú. Ohun tí a ń wò nìyẹn bí ògì ṣe ń di ẹ̀kọ lórí iná. Ẹ jẹ́ kí á pè é ní ìdilẹ́ẹ̀, nítorí lẹ́ẹ̀ gan-an ló ń dà.

Gààrí ti rí iná kó tó dé ọwọ́ wa. Bí wọ́n ṣe ń yan án nínú agbada, apá kan sítáàṣì rẹ̀ ti di lẹ́ẹ̀, ó sì ti gbẹ. Ìdí nìyẹn tí gààrí fi ń wú nínú omi tútù pàápàá, tí gààrí tó dára sì ń wú tó ìlọ́po mẹ́ta. Bí a bá wá dà á sínú omi híhó, èyí tó kù á di lẹ́ẹ̀ náà, ohun tí a ó rí sì ni ẹ̀bà: ohun tó rọ̀, tó ń fà, tó ń lẹ̀.

Bí òkèlè kan bá jábọ́ sórí àwo ayípo, ìtìsẹ́gbẹ̀ẹ́ á tì í mọ́ òrùka bó ṣe ti egungun. Ibí yìí ni ọ̀nà ti pín. Egungun kán, òkèlè kì í kán. Bí òòlù bá gbá a, ńṣe ló ń tẹ̀. Á tẹ́ wọ àárín eyín òrùka, á dí wọn, òrùka á sì dán láìní eyín tó yọ síta. Ẹ̀bà tó tẹ̀lé e á máa yọ̀ lórí èyí tó ti lẹ̀ mọ́ ọn. Díẹ̀díẹ̀, nítorí agbára ẹ́ńjìnì, á gba àlàfo kọjá ní ọ̀jà-ọ̀jà, á bọ́ sínú ìyẹ̀wù kékeré tó wà lábẹ́ àwo, á sì wọ páìpù.

Páìpù tó ti abẹ́ síǹkì jáde kì í lọ tààrà. Ó wọ́ sísàlẹ̀, ó sì tún gbé orí sókè, ó ní ìgbọ̀nwọ́. Omi máa ń wà nínú ìgbọ̀nwọ́ yìí ní gbogbo ìgbà, òun ló ń dí òórùn ihò ìdọ̀tí lọ́nà kó má baà wọlé. Alexander Cumming, aṣagogo ọmọ Scotland kan tó ń gbé ní London, ló kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lórí irú páìpù wíwọ́ bẹ́ẹ̀ fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ní 1775, ayé ò sì tíì rí ohun tó dára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí omi ń dúró sí ni ẹrù omi ń sọ̀ sí. Bí a bá ti pa ẹ̀rọ omi, ohunkóhun tó bá wà nínú ìgbọ̀nwọ́ ní àkókò náà, ibẹ̀ ni yóò sùn.

Ẹ̀bà tó sùn síbẹ̀ kì í wà bó ṣe wà. Okùn sítáàṣì tó tú nígbà tó gbóná á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ara wọn padà bó bá tutù. Wọ́n á tò mọ́ra, wọ́n á lé omi jáde, gbogbo rẹ̀ á gan. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jẹ ẹ̀bà àná mọ̀ ọ́n. Tí pùlọ́ḿbà bá tú ìgbọ̀nwọ́ irú síǹkì bẹ́ẹ̀ sórí garawa, ohun tó ń bọ́ jáde ni ohun eérú kan tó mú ìrí páìpù, tó gùn tó ìka ọwọ́, tí ọ̀rá ti bo ara rẹ̀, tí irun àgbàdo kan tàbí èèpo tòmátì kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹ̀rọ tó wà lókè kò bàjẹ́ rárá. Ó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán.

Iyán, àmàlà, fùfú àti ìrẹsì kò yàtọ̀ sí èyí. Hóró ìrẹsì sábà máa ń gba àlàfo kọjá lódindi, á sì lọ máa wú sí i nínú ìgbọ̀nwọ́. Èèpo iṣu àti èèpo ànàmọ́ ní ewu tiwọn: wọ́n fẹ́lẹ́, wọ́n ń yọ́ kọjá láìlọ̀ dáadáa, wọ́n sì ń da sítáàṣì tútù sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá da omi gbígbóná láti inú ìkòkò sórí wọn, ìdilẹ́ẹ̀ á ṣẹlẹ̀ nínú páìpù gan-an. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ fi ń pọ̀ fún àwọn pùlọ́ḿbà Amẹ́ríkà ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé ọdún Thanksgiving, tí wọ́n fi ń pe ọjọ́ náà ní Brown Friday: gbogbo ilé ló ti bó ànàmọ́ òyìnbó sínú síǹkì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ilé Yorùbá tó ń gúnyán fún àlejò ní ìkómọ lè dá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ara rẹ̀ nígbàkúgbà.

Ẹ̀rún tó bá kù sára àwo lẹ́yìn tí a ti fi ṣíbí gbá ìyókù sí dọ́sítíbìnì kò lè pa páìpù lára. Òkèlè ló ń ṣe é. Ìṣù ẹ̀bà tó ṣẹ́kù sísàlẹ̀ ìkòkò kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ láé.

Omi tútù, kí sì ni ìdí?

Gbogbo ìwé tó bá ẹ̀rọ yìí wá ló ní kí á lo omi tútù. Ó máa ń rú àwọn èèyàn lójú, nítorí omi gbígbóná la fi ń fọ àwo tó ní epo. Ọ̀rọ̀ ọ̀rá ni. Ọ̀rá màlúù àti epo pupa máa ń dì bí òtútù bá mú wọn, wọ́n sì ń yọ́ bí wọ́n bá gbóná. Bí a bá lo omi gbígbóná, ọ̀rá á yọ́, á ṣàn kọjá àwo àti òrùka láìfara kan eyín, á rìn jìnnà díẹ̀, á dé ibi tí páìpù ti wọ ilẹ̀ tútù, á dì síbẹ̀, á sì lẹ̀ mọ́ ògiri páìpù. Nínú omi tútù, ọ̀rá kékeré tó bá ẹran wá á dì, òrùka á lè ha á sí wẹ́wẹ́, omi á sì gbé e lọ kó tó lẹ̀ mọ́ nǹkan. Ọ̀rá kékeré ni mo wí o. Epo tí a fi dín àkàrà, tàbí òróró tó léfòó lórí ọbẹ̀, kò sí irú omi tó lè mú un rọrùn fún páìpù. Ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ dà á sínú agolo, kí ẹ dé e, kí ẹ sọ ọ́ nù.

Ibi tí ọ̀rá àwọn ilé ń parí sí kì í ṣe ohun àròsọ. Ní 2017, lábẹ́ àdúgbò Whitechapel ní London, wọ́n rí òkìtì ọ̀rá dídì kan tó gùn tó mítà 250, tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 130. Wọ́n gé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sí Museum of London kí aráyé lè wá wò ó.

Omi tútù náà gbọ́dọ̀ tó. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ẹ̀rọ omi kó máa tú dáadáa, kí ẹ tó tẹ súwíìṣì. Ẹ máa da àjẹkù sí i díẹ̀díẹ̀ nígbà tó ń yí. Ẹ má kọ́kọ́ kún un kí ẹ tó tàn án, nítorí ẹ́ńjìnì tó ní ẹrù lórí kó tó gbéra ń jìyà. Bí ariwo lílọ̀ bá ti dópin tó wá ku ariwo yíyí nìkan, ẹ pa á, ṣùgbọ́n kí omi ṣì máa tú fún ìṣẹ́jú-àáyá 15 sí 30. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. Ẹ̀rọ omi síǹkì ní Amẹ́ríkà lè tú lítà 8 ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú-àáyá 30 á jẹ́ lítà 4. Ìgbọ̀nwọ́ páìpù kò gba tó lítà kan. Lítà 4 yẹn á ti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde, á sì fi omi mímọ́ rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá pa omi àti ẹ̀rọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ti fi àjẹkù òní sílẹ̀ de ti ọ̀la.

Nígbà tó bá dákẹ́, àti nígbà tó bá ń kùn

Ìdákẹ́ àti kíkùn kì í ṣe àrùn kan náà, etí ló sì ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Bí ẹ bá tẹ súwíìṣì tí ẹ gbọ́ "ùnnn" láìsí ariwo yíyí, iná ń dé ẹ́ńjìnì, ṣùgbọ́n àwo há. Ẹ pa á kíá. Ẹ́ńjìnì tó ń gba iná tí kò sì lè yí, ooru ni gbogbo iná náà ń dà sí, wáyà inú rẹ̀ sì lè jóná láàárín àkókò kékeré. Kí èyí má baà ṣẹlẹ̀ ni wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ kan síbẹ̀ tó ń já iná bí ooru bá pọ̀ jù. Bí ẹ̀ṣọ́ yìí bá ti já a, ẹ̀rọ á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Nítorí náà ìdákẹ́ sábà máa ń jẹ́ ọmọ kíkùn tí ẹnì kan kò tètè gbọ́.

Ìyá tó ti Ìbàdàn wá tọ́jú ọmọ tuntun kì í mọ̀ pé súwíìṣì méjì tó jókòó ti ara wọn lára ògiri kò ṣe iṣẹ́ kan náà. Ó yẹ kí ẹnì kan sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́: "Màámi, ti ọ̀tún yìí ni iná, ti òsì ni ẹ̀rọ tó wà nínú síǹkì. Bí ṣíbí bá jábọ́ síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́ o, ẹ pè mí." Ọ̀rọ̀ yìí kò kéré. Òòlù tó tó láti fọ́ egungun adìẹ kò ní mọ ìka ọwọ́ yàtọ̀, ẹnikẹ́ni sì lè tẹ súwíìṣì láti ẹ̀yìn.

Ká wá ní ṣíbí ti jábọ́ síbẹ̀, tó sì há. Ẹ pa bírékà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kí ẹ fi ẹ̀mú gígùn gbé ohun tí ẹ bá rí. Bí kò bá gbọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ẹ̀rọ náà lábẹ́ síǹkì. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ihò onígun mẹ́fà kan wà láàárín gbùngbùn ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní Allen key ń wọ̀, èyí tó jẹ́ ìdámẹ́rin ínǹṣì. Wọ́n sábà máa ń fi ọ̀kan sínú páálí. Orí ọ̀pá ẹ́ńjìnì gan-an lẹ dì mú yẹn. Ẹ yí i sọ́tùn-ún, ẹ yí i sósì. Á kọ́kọ́ le, lẹ́yìn náà ọwọ́ yín á gbọ́ bí nǹkan ṣe yẹ̀, àwo á sì máa yí fàlàlà. Ẹ tún fi ẹ̀mú wá ṣíbí náà. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù fún bí ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì pupa kékeré tó wà ní ìdí rẹ̀ wọlé. Bọ́tìnnì yẹn ni ẹ̀ṣọ́ tí mo wí. Ẹ tan bírékà padà, ẹ ṣí omi, ẹ dán an wò.

Bó bá jẹ́ pé àwo ń yí dáadáa ṣùgbọ́n omi kò lọ, páìpù ni. Ẹ má da kẹ́míkà ìlàhò sí i. Kọ́sítíìkì sódà tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ irin alumíníọ̀mù, ó ń ba rọ́bà jẹ́, ó sì ń dúró sínú ìgbọ̀nwọ́ de ojú àti ọwọ́ ẹni tó bá wá tú u. Ìgbọ̀nwọ́ oníke kì í ṣòro tú: ẹ gbé garawa sábẹ́ rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tú nọ́ọ̀tì méjèèjì, ẹ gbọn ohun inú rẹ̀ sí garawa, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dè é padà. Bí omi bá sì ń kán láti ìdí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, rọ́bà ìdíwọ́-omi tó wà láàárín àwo àti ẹ́ńjìnì ti jẹ. Owó àtúnṣe ìyẹn kì í jìnnà sí owó tuntun.

Òórùn ńkọ́? Lábẹ́ rọ́bà dúdú ẹnu ihò ló sábà máa ń wà, níbi tí omi kì í dé. Ẹ pa bírékà, ẹ ká etí rọ́bà náà sókè, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ abẹ́ rẹ̀. Yìnyín náà wúlò: ó ń fọ́, ó ń ta kiri, ó ń ha ìdọ̀tí kúrò lára òrùka. Àwọn tó ń sọ pé yìnyín ń pọ́n ọ̀bẹ inú rẹ̀ ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ, nítorí kò sí ọ̀bẹ níbẹ̀ tí wọ́n máa pọ́n.

Lẹ́yìn páìpù ilé

Ní ìlú ńlá, ohun tí ẹ̀rọ yìí bá lọ̀ ń bá omi ìdọ̀tí lọ sí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ omi náà mọ́. Ìlú New York kò fàyè gba ẹ̀rọ náà ní ọ̀pọ̀ àdúgbò rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí ìbẹ̀rù ohun tó lè ṣe sí páìpù àtijọ́ tó wà lábẹ́ ìlú. 1997 ni wọ́n tó fagi lé òfin náà.

Kì í ṣe gbogbo ilé ló so mọ́ páìpù ìlú. Ọ̀pọ̀ ilé ní ìgbèríko Amẹ́ríkà ló ní táńkì ìdọ̀tí tiwọn nínú ilẹ̀, níbi tí ohun tó wúwo ti ń sọ̀ sísàlẹ̀, tí àwọn kòkòrò àìfojúrí sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àjẹkù lílọ̀ ń tètè kún irú táńkì bẹ́ẹ̀, èyí tó fi jẹ́ pé àjọ ìjọba tó ń rí sí àyíká níbẹ̀ gba àwọn onílé irú rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n dín lílo ẹ̀rọ náà kù tàbí kí wọ́n má lò ó rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń ra ẹ̀rọ náà fi ránṣẹ́ sílé. Sókàwéè ni ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó àti Ìbàdàn ń lò, ìmọ̀ràn tó wà fún onítáńkì Amẹ́ríkà sì bá wọn mu. Iná náà kò dọ́gba. Fọ́ọ̀tì 120 ni ẹ̀rọ Amẹ́ríkà ń gbà; bí a bá kì í bọ iná Nàìjíríà tó tó 230, á jóná. Ẹ̀rọ tó ń dín iná kù lè yanjú ìyẹn, ṣùgbọ́n iná Amẹ́ríkà ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tiwa jẹ́ 50, ẹ́ńjìnì tó ń yí nǹkan bí ìgbà 1,725 lọ́hùn-ún kò sì ní ju nǹkan bí 1,440 lọ níbí. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ fún ilé rẹ̀ ní Nàìjíríà, kó ra èyí tí wọ́n kọ 230 àti 50 sí lára, kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbẹ́ sókàwéè rẹ̀ bó ṣe tóbi tó, kó sì múra láti máa pe àwọn tó ń fà á ṣáájú ìgbà tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.